Ọdún Méjì Tí A Gé Kúrò Lára Moyọ̀sọ́lá

Ẹ̀yìn Ọjà Aswani,
Ìsọlọ̀, Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Kúnbi ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, bí wọ́n tilẹ̀ sọ pé ìgbà ooru ni lọ́dọ̀ yín báyìí. Ooru tí ènìyàn ń wọ súwẹ́tà sí, n kò mọ irú ooru wo nìyẹn. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, kò sì tíì dá mi dúró sílé ní Túsìdè ọjọ́ ọjà kankan. Bọ́tìnnì mi àti síìpù mi ń tà.

Mo mọ̀ pé o máa bèèrè pé kí ló dé tí mo ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀, n ó tún un sọ. Lórí fóònù, bí mo bá sọ gbólóhùn kan, ìwọ á ti sọ mẹ́ta, bí ọ̀rọ̀ bá sì fẹ́ ta ọ́ lára, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Nínú ìwé, o kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé kejì ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n wá máa tọ́jú àwọn àbúrò mi, ṣùgbọ́n ìwé kejì ayé ìgbà yẹn, ó ju ohun tí wọ́n ń kà nísinsìnyí lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Rodiat, ọmọ Sàfúrátù tí a jọ ń gbé, ló máa yà á sínú fóònù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun náà ló máa tẹ èsì rẹ jáde fún mi. Mo ní kó dijú tó bá ń yà á. Ó ní òun á gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ló gbé mi jókòó. O ní kí n má jẹ́ kí Moyọ̀sọ́lá lọ sí ìpàgọ́ tí ìjọ wa ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà Ìjẹ̀bú nínú ọlidé yìí, pé kó dúró sílé kó máa kọ́ kọ̀ǹpútà. Mo jẹ́ kó lọ. Èmi gan-an ni mo di ẹrù rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Bí inú bá ń bí ọ, bínú dáadáa, kí o wá ka ìyókù.

Ọmọ tó lọ kọ́ ló dé. Èyí tó lọ, bí mo bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta á dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ á wà lórí fóònù. Èyí tó dé, kí n tó jí ló ti pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ tọrọ àforíjì." Mo ní kí lo ṣe? Ó ní láti ìgbà tí lẹ́tà Bíbélì ti kéré jù fún ojú mi tí òun ti ń kà á fún mi láàárọ̀, òun máa ń fo ẹsẹ̀ tí orúkọ ènìyàn bá ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Mo ní, "O fo ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún mi?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó ṣí ìwé Númérì, kó kà á fún mi látòkè délẹ̀. Ó kà á. Èmi ni mo sùn lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọjá sọ́dọ̀ Sàfúrátù. Ó jẹ́wọ́ pé òun máa ń bu gààrí nínú ike rẹ̀ nígbà tó bá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Sàfúrátù rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Moyọ̀, ta ló sọ fún ọ pé n kò mọ̀? Ta lo rò pé mo ń fi ike yẹn sílẹ̀ láìdé fún?" Ó wá kígbe pè mí, "Ìyá Kúnbi, ẹ jọ̀ọ́, ìpàgọ́ yín yẹn, ṣé wọ́n ń gba ọmọ Mùsùlùmí? Kí n fi Rodiat ránṣẹ́ o."

Wọ́n kọ́ wọn níbẹ̀ pé kì í ṣe kí ènìyàn máa sunkún níwájú pẹpẹ nìkan ni ìrònúpìwàdà. Ohun tí o bá wọ́, kí o lọ tọ́ ọ. Àtúnṣe ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà ní ìwé kékeré kan tó kọ gbogbo ohun tó fẹ́ tún ṣe sí, ó ń fagi lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mọ́ mi, mo sì fẹ́ kó dùn mọ́ ìwọ náà.

Èmi ìyá rẹ,
Àjíbíkẹ́ Ọláyanjú.


Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ rọra máa lo orúnkún yẹn.

Màmá, ẹ ò wá lè gba ti èmi náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Mo ní kó má lọ, ẹ ní kó lọ, ẹ tún kọ ọ́ ránṣẹ́ bí ẹni tó gba ẹ̀bùn nílé-ìwé. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín jà lónìí, torí ìròyìn ayọ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Lọ́yà ti parí fọ́ọ̀mù Moyọ̀sọ́lá. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún wa: Túsìdè, ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ yẹn ló máa lọ tẹ̀ka, tí wọ́n á sì ya fọ́tò rẹ̀ fún fíísà. Màmá, ọdún méje! Ọmọ tí mo di irun fún láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú ló ń bọ̀ wá bá mi yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún nìkan ni òfin wọn gbà kí ìyá mú wá. Nínú ìwé, oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ ni Moyọ̀ máa pé méjìdínlógún. Tí èyí bá bọ́, ó ti bọ́ pátápátá nìyẹn. Wọ́n lè bi í ní ìbéèrè. Ọjọ́ orí tó wà nínú ìwé ìbúra tí ẹ ṣe ní kóòtù ní 2018, nígbà tí omi ya wọlé tó ba ìwé ìbí rẹ̀ jẹ́, ìyẹn ni kó sọ. Ọdún 2008 ni wọ́n bí i. Kó má lọ gbàgbé kó sọ èyí tí à ń kà nílé.

Ẹ bá mi dì mọ́ ọn.

Ọmọ yín,
Kúnbi.


Ìsọlọ̀.
Ọjọ́ keje, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Kúnbi,

Mo kí ọ. Wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka èyí.

Mo gba ìwé rẹ, mo dúpẹ́, mo jó díẹ̀ nínú yàrá, orúnkún gbà bẹ́ẹ̀. Mo pe ọmọ rẹ kí n ròyìn fún un. Kò jó. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, ó mú ìwé kékeré rẹ̀ jáde, ó ní, "Màmá, ó ku ohun kan ṣoṣo tí mi ò tíì fagi lé."

Ọdún méjì yẹn ni.

Ó ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2006 ni wọ́n bí òun, pé bàbá òun tó ti kú ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn páálí Bíbélì mi, òun sì ti ń rí i níbẹ̀ láti kékeré. Ó ní, "Nílé yìí, ẹ gbàdúrà ọdún mọ́kàndínlógún fún mi. Níta, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Màmá, èwo nínú àwa méjèèjì ni Ọlọ́run ń dá lóhùn?" Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó pa á mọ́. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Mi ò lè gun irọ́ dé ọ̀dọ̀ màámi. Mo ti ṣèlérí fún Ọlọ́run ní ìpàgọ́."

Kúnbi, mo gbá a létí. N kò fi bò. Láti ọjọ́ tí o ti fi í sílẹ̀ fún mi, n kò nà án rí. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ṣùgbọ́n mi ò lọ." Bó ṣe sọ ọ́, ó yà mí lẹ́nu bó ṣe jọ mí tó.

Mo wá bá a sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Mo ní ta ni kò gé ọjọ́ orí rí? Ìdajì àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ òwú ní Ìsọlọ̀ yìí ló gé tiwọn, kí wọ́n má bàa tètè dá wọn dúró. Mo ní àìsàn bàbá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó tètè wọ ilé-ìwé, gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló kéré sí i, ojú ń tì í. Nígbà tí ìwé ìbí ti bàjẹ́ tí a ní láti ṣe òmíràn, a gé méjì kúrò kó lè bá ẹgbẹ́ dọ́gba. Ìfẹ́ la fi gé e. Mo ní, "A kò jí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ó ní, "Lọ́wọ́ èmi ńkọ́?"

N kò bá a sọ̀rọ̀ láti Tọ́sìdè. Ó ń gbé oúnjẹ mi wá, mò ń jẹ ẹ́, n kò dúpẹ́. Má fòyà, ẹ̀yìn rẹ ni mo wà. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bùrọ̀dá Aaron, olórí àwọn ọ̀dọ́ wa, ló kó wọn lọ sí ìpàgọ́ yẹn. Òun ló kó èyí sí i lórí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, n ó ní kó wá kó o kúrò.

Àjíbíkẹ́ Ọláyanjú.


Leeds.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Màmá,

Ẹ kú àárọ̀. Mi ò tún èyí kà kí n tó fi í ránṣẹ́, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe.

Ẹ̀yin lẹ rán an lọ. Mo kọ̀, ẹ ní kí n bínú dáadáa. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ọdún méje ni mo fi wẹ àwọn arúgbó tí kì í ṣe ìyá mi, tí mo gbé wọn dìde, tí mo fún wọn lóúnjẹ, kí n tó lè kọ orúkọ ọmọ mi sórí fọ́ọ̀mù yẹn. Ṣé ọjọ́ mẹ́jọ nínú pápá lọ́nà Ìjẹ̀bú ló máa wá fà á ya?

Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́ títí ọjọ́ náà á fi kọjá. Tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run ni, Ọlọ́run wà ní Leeds. Ìjọ Yorùbá mẹ́ta ló wà nítòsí mi. Kó wá tún gbogbo ohun tó bá fẹ́ ṣe níbí.

Ohun kan sì tún wà. Ta ló lọ búra ní kóòtù? Ta ló tẹ̀ka? Ẹ̀yin ni, Màmá. Tó bá lanu, ẹ̀yin ni wọ́n á ní ó búra èké, ní ọjọ́ orí yín yìí. Ẹ sọ ìyẹn fún un. Ó fẹ́ràn yín jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kó bà á lẹ́rù.

Kúnbi.


Ìsọlọ̀.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Kúnbi,

Ìwé rẹ dé, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Aaron kí n tó dé orí ẹ̀rù tí o ní kí n fi ba ọmọ.

Lẹ́yìn ìsìn àná ni mo bá a nídìí jẹnẹrétọ̀ ìjọ, ó ń tún un ṣe. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe níbi àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìsọlọ̀, géndé ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́. Mo ní, "Ìwọ Aaron, kí lẹ fi bọ́ ọmọ ọmọ mi ní ìpàgọ́?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú epo. "Ẹ káàsán, mà. Ìrẹsì ni, mà. Ẹ̀wà lọ́jọ́ Wẹ́sìdè."

"Má bá mi ṣeré. Ta ló ní kó lọ hú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí jáde?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní kì í ṣe òun o. Ó ní ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀kọ́ Sákéù ni wọ́n kọ́ wọn, agbowó-orí kúkúrú tó gun igi, tó wá dá ohun tó fi èrú gbà padà. Wọ́n ní kí olúkúlùkù lọ dá jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí kan láìsí fóònù, kó bi ara rẹ̀ léèrè. Àwọn tó kù sùn. Moyọ̀sọ́lá ló padà wá tòun ti ìwé kékeré. Aaron ní nígbà tó sọ ti ọjọ́ orí fún òun, àyà òun já. Ó ní, "Mà, mo bẹ̀ ẹ́ o. Mo ní kó ní sùúrù, kó kọ́kọ́ dé ọ̀hún ná. Tó bá ti gba ìwé ìgbélùú tán, kó wá jẹ́wọ́. Mo ní Ọlọ́run mọ ọkàn."

"Kí ló wí?"

"Ó bi mí pé ṣé Sákéù dúró títí ó fi ná owó yẹn tán ni."

Kúnbi, ìjà ni mo múra lọ jà. Ìjà náà kú sí mi lẹ́nu. Mo wo géndé ọkùnrin tó ń dúró lórí pẹpẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń pariwo pé kí àwọn ọmọ fi gbogbo ayé wọn fún Jésù, tó wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òun ní lọ́kàn. Mo ní, "Aaron, ìwọ lo ní kí ọmọ bọ́ sódò. Ó bọ́ sí i tán, o dúró sétí bèbè, ò ń kígbe pé kó má jẹ́ kí omi kan ara rẹ̀."  Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń rìn bọ̀ wálé, mò ń bá ara mi wí. Gbogbo wa la fẹ́ kí ọmọ yìí yí padà. A fẹ́ kó máa pọn omi, kó máa kúnlẹ̀, kó gbé fóònù sílẹ̀. Èyí tó rọ̀ wá lọ́rùn nínú ìyípadà náà, a pè é ní iṣẹ́ Ọlọ́run. Èyí tó máa dùn wá, a gbá a létí.

Mo délé, mo pè é. Mo sọ ohun tí o ní kí n sọ gẹ́lẹ́, pé bó bá lanu, èmi ni wọ́n máa mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rù lójú rẹ̀.  Ó ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Màmá, mi ò ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mi ò kàn ní lọ ni. Kí wọ́n rò pé mo ya ọlẹ." Ó fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ rù, kí orúkọ mi lè mọ́.

Inú bí mi, kì í ṣe sí i. Èmi Àjíbíkẹ́, tí mo ṣiṣẹ́ ṣíìfìtì ọdún méjìlélógún nídìí ẹ̀rọ òwú, tí ẹ̀ṣọ́ kò bá fọ́nrán òwú kan lára mi rí lẹ́nu géètì, ṣé ẹ̀yìn ọmọ kékeré ni n ó wá sá pamọ́ sí?

Nítorí náà, gbọ́: mo ti kúrò lẹ́yìn rẹ. Má fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà mí. Irọ́ tí mo pa níwájú àwọn ènìyàn, iwájú àwọn ènìyàn náà ni n ó ti sọ pé mo pa á.

Àjíbíkẹ́ Ọláyanjú.


Leeds.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀. Mi ò bínú mọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Túsìdè yìí kọjá ná. Wákàtí kan péré ni. Bóyá kò tiẹ̀ ní la ẹnu. Ìka ni wọ́n máa gbà, fọ́tò ni wọ́n máa yà. Kí ènìyàn fẹnu ara rẹ̀ purọ́ yàtọ̀ sí kó kàn dákẹ́.

Ẹ ò mọ bó ṣe rí níbí. Tí mo bá wọlé, tẹlifíṣọ̀n ni mo máa ń kọ́kọ́ tàn, kí ohùn ènìyàn lè wà nínú ilé. Mo ti sọ fún gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ọmọ mi ń bọ̀. Kí ni n ó wí fún wọn? Pé ó kọ̀ mí? Pé ìyá mi ló tì í lẹ́yìn?

Màmá, tí ẹ bá fẹ́ràn mi, ẹ mú un lọ.

Kúnbi yín.


Ìsọlọ̀.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Kúnbi ọmọ mi,

Mo fẹ́ràn rẹ. N kò mú un lọ.

Àná, ọjọ́ ọjà, tí gbogbo Aswani kún, mo ti ìsọ̀ mi pa. Mo wọ bùbá funfun mi, èmi àti ọmọ rẹ gba kóòtù lọ. A kọ́kọ́ dé ìdí tábìlì ọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé ìbúra fáwọn ènìyàn níta, Fákúnlé lorúkọ rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọjọ́ orí ni, Màmá? Mélòó lẹ fẹ́ gé?"

Mo ní, "N kò gé nǹkan kan. Mo fẹ́ fi méjì kún un."

Ìgbà yẹn ló wò mí. "Ẹ fẹ́ fi kún un? Ṣé ẹ fẹ́ joyè ni?"

Mo ní ti ọmọ yìí ni, bí Ọlọ́run ṣe dá a ni mo fẹ́ dá a padà sí. Ó kígbe sí obìnrin tó jókòó sí tábìlì kejì: "Morọ́lá! Wá gbọ́ o! Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí!" Morọ́lá dìde wá, ó wo Moyọ̀sọ́lá látòkè délẹ̀, ó ní, "Àbúrò, ṣé o ti rò ó dáadáa? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń sá fún ọdún, ìwọ ń lé e kiri." Moyọ̀sọ́lá ní, "Tèmi ni, mà." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Wọ́n mú wa wọlé lọ bá ẹni tó ń gba ìbúra, obìnrin kan tó wọ awò ojú. Ó ka ìwé tuntun, ó ka ti àtijọ́. Ó bi mí pé nígbà tí mo búra ti àtijọ́, ṣé mo mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́? Ọmọ rẹ ti fẹ́ gbà á lẹ́nu mi, ó ti ń sọ pé, "Màmá mi ò kàwé púpọ̀, mà, wọn ò mọ..."

Mo ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́. Mo mọ̀."

Mo dúró, n kò jókòó. Mo ní, "Mo mọ̀, mà. Ojú mi là kedere. Mo gé ọdún méjì lára ọmọ yìí, mo sì fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Irọ́ ni mo pa. Ohun tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe, mo ti dé."

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀.  Ó ní irú èyí kò tíì dé iwájú òun rí. Ó bá mi wí bí ẹni ń bá ọmọdé wí, mo sì dúró gbà á, nítorí ó tọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà, ó lu òǹtẹ̀.

Rodiat máa ya ìwé ìbúra náà mọ́ lẹ́tà yìí. Fi í han lọ́yà rẹ, kó yọ orúkọ ọmọ kúrò lórí fọ́ọ̀mù yẹn, kí àwọn ará ibẹ̀ má bàa fúnra wọn rí irọ́ wa, kí wọ́n wá tìtorí rẹ̀ lé ìwọ náà. Páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ náà máa yí padà, a ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a jáde, ó fagi lé ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé kékeré yẹn. Mo rò pé ó máa yọ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kóòtù níwájú gbogbo ènìyàn, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. "Mo fẹ́ rí màámi," ohun tó ń tẹnu mọ́ nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún ọ kí o má bàa rò pé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àjíbíkẹ́ Ọláyanjú.


Ìsọlọ̀.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Kúnbi,

Oṣù kan lé. Rodiat ní o ti ka ìwé mi, pé àmì kan wà tó ti di búlúù. O kò gbé ìpè mi. Ọmọ ń pè ọ́ láràárọ̀, o kò gbé tiẹ̀ náà. Bàbá rẹ bá mi yodì fún oṣù mẹ́ta ní ọdún 1989, òun ló kọ́kọ́ la ẹnu.

N kò tọrọ àforíjì. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o wà láàyè.

Ìyá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Màmá mi,

Mo wà láàyè. Ẹ má bínú pé mo jẹ́ kí ẹ máa bèèrè.

Mo ti ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Lọ́yà ní òun kò rí irú ìdílé yìí rí.

Mo bínú sí yín, mo ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ tí ìwé ìbúra yẹn dé, mo wà nínú yàrá tí mo ti ṣètò sílẹ̀ dè é. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì sí i. Aṣọ tí mo tẹ́ sórí rẹ̀ ní labalábá lára. Mo ti ra báàgì ilé-ìwé, mo ti lọ wo ilé-ìwé tí wọ́n ti ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo ka "ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún." Màmá, ó dà bí ẹni pé mi ò mọ̀ rí. Èmi tí mo bí i! Mo ti kọ irọ́ yẹn sórí oríṣiríṣi fọ́ọ̀mù títí mo fi gbà á gbọ́. Ìwé ni mo fi ń ka ọdún ọmọ mi. Mò ń sọ fún ara mi pé ó ṣì kù díẹ̀ kó tó dàgbà, pé màá bá díẹ̀ nínú rẹ̀.

Kò sí èyí tó kù fún mi láti tọ́, àbí? Ẹ ti tọ́ ọ tán.

Ẹ bá mi bi í bóyá ó ń jẹun dáadáa. Ẹ bá mi bi í pé kí ló fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Ẹ sọ fún un pé mo rí ìwé náà. Ẹ sọ fún un pé... ẹ bá mi wá ohun tí ẹ máa sọ.

Kúnbi.


Ìsọlọ̀.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Kúnbi ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ewu. Mo dúpẹ́ pé o la ẹnu. Ìwọ lo kọ́kọ́ la á, bíi bàbá rẹ.

Mo ka ìwé rẹ. N kò mọ̀ pé ò ń gbé pẹ̀lú ọmọ kékeré kan níbẹ̀ tí kò sí. Fún ẹni tó ní ọmọ kékeré ní bẹ́ẹ̀dì yẹn àti labalábá rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ á yọ síta, ó ti ga jù mí lọ.

O ní mo ti tọ́ ọ tán. Irọ́ ni, a sì ti jọ fi irọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń tọ́ ọ. Nínú igba yẹn, ààyè tìrẹ ṣófo, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Fíísà ti lọ, n kò ní bá ọ dárò rẹ̀. Gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, kí o wá sí Ìsọlọ̀ wá wo ẹni tí o bí. Bí òun bá máa wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún ara rẹ̀ ló máa gbé wá.

Ní ti àwọn ohun tí o ní kí n bá ọ bi í, n kò bi í. N kò ní bi í. Ọdún méje ni mo fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ lọ fún un, tí mò ń gba tiẹ̀ bọ̀ fún ọ, bí ẹni pé odi ni yín. Ìyẹn parí lónìí. Má kọ̀wé sí mi nípa ọmọ rẹ mọ́. Òun ni kí o kọ ọ́ sí. Kọ orúkọ rẹ̀ sókè ní kíkún, Moyọ̀sọ́lá Akínbọ̀wálé. Bi í ní ohunkóhun tí o bá fẹ́. Bí inú bá ń bí ọ sí i, kọ ìyẹn náà síbẹ̀, ó lè gbà á. Àgbàlagbà ni.

Ó ń bẹ ní pálọ̀ báyìí, ó ń kàwé. Ó pè ọ́ títí, o kò gbé e. Kò ní pè mọ́, nítorí èmi ni mo tọ́ ọ. Ìwọ ló kàn.

Àjíbíkẹ́ Ọláyanjú.